Tábà ìkòkò ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì: ẹ jẹ́ ká fi Latakia sílẹ̀ díẹ̀, ká sọ̀rọ̀ ewé tó kù

Oníkòkò_Ìlọrin

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ti wà lọ́kàn mi tipẹ́, mo sì mọ̀ pé ibí ni wọ́n ti máa gbọ́ mi yé.

Nígbàkúùgbà tí àwọn amukòkò bá ń yin tábà tí wọ́n pò lọ́nà ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, Latakia, ewé tí wọ́n fi èéfín igi yan, ni wọ́n máa ń gbé gẹ̀gẹ̀. "Latakia rẹ̀ pọ̀ dáadáa." "Latakia rẹ̀ ò tó nǹkan." Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ń parí sí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Mo ṣí agolo Nightcap, tábà Dunhill, kan síwájú mi báyìí, mo da díẹ̀ sórí abọ́ funfun, mo ń fi ìka ṣà á. Èyí tó dúdú kirikiri ni Latakia. Èyí tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tí òmíràn nínú rẹ̀ tiẹ̀ ń dán bí mo bá gbé e síbi ìmọ́lẹ̀, Virginia nìyẹn. Àwọn wínníwínní tí àwọ̀ wọn ṣì jọ ti ewé gbígbẹ, tí wọ́n ń fọ́ wẹ́wẹ́ láàárín ìka, àwọn ni ewé ìlà oòrùn, ti Tọ́kì àti Gíríìsì. Perique, ewé Amẹ́ríkà kan, wà níbẹ̀ pẹ̀lú, àmọ́ òun náà dúdú, ojú ò lè yà á sọ́tọ̀ kúrò lára Latakia.

Bí ẹ bá tan iná sí i, Latakia ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, mo gbà. Àmọ́ ẹ mu ún dé ìlàjì ìkòkò, kí ẹ sì fara balẹ̀. Adùn tó ń bọ̀ wá sí ahọ́n, ti Virginia ni, torí ṣúgà inú ewé yẹn kò kúrò níbẹ̀ nígbà tí wọ́n fi ooru gbẹ ẹ́. Kíkan díẹ̀ tó ń ta sí ẹ̀gbẹ́ ahọ́n, àti òórùn dídùn tó ń gba imú jáde, ewé ìlà oòrùn ló ni ín. Latakia fúnra rẹ̀ kò ní ṣúgà tó nǹkan, bẹ́ẹ̀ ni agbára rẹ̀ ò tó bí àwọ̀ rẹ̀ ṣe dẹ́rù bani tó. Ẹ bu òun nìkan sínú ìkòkò kí ẹ mu ún: èéfín, èéfín, èéfín, kò síbi tó ń lọ.

Ohun tó mú mi fẹ́ràn iṣẹ́ àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù nìyí. Nígbà tí Alfred Dunhill ṣí ilé ìtajà rẹ̀ ní Duke Street lọ́dún 1907, oníbàárà á wọlé, á sọ irú ohun tí ẹnu rẹ̀ ń fẹ́, wọ́n á po ó fún un, wọ́n á fún un ní nọ́ńbà, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé. Bó bá tún padà wá, nọ́ńbà yẹn ló máa dá fún wọn. My Mixture 965 tí à ń rà dòní, ọ̀kan nínú àwọn nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn èèyàn yẹn mọ ìwọ̀n. Ìwọ̀n yẹn gan-an ni mo fẹ́ ká sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ìbéèrè mi wá ni pé: kí ló dé tí àwọn àgbà amukòkò fi ń sọ pé tábà Balkan Sobranie ayé ìgbà kan kò lè padà wá mọ́? Ṣé Latakia inú rẹ̀ ló yí padà ni, àbí ewé tó kù?

Peckham_Nilé

Ẹ̀gbọ́n mi Ìlọrin, ẹ kú ọpọlọ. Lọ́ńdọ̀nù ni mo ń gbé, ọ̀rọ̀ agolo yẹn ò sì jìnnà sí mi.

Ìdílé Redstone ló dá ilé iṣẹ́ Sobranie sílẹ̀ níbí lọ́dún 1879. Ewé tí wọ́n ń pè ní Yenidje ni Balkan Sobranie fi yangàn. Agbègbè Xanthi, tó wà lápá àríwá ilẹ̀ Gíríìsì lónìí, ni ewé náà ti ń wá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó mú kí irú ewé yìí ṣòro. Ilẹ̀ tí kò lọ́ràá púpọ̀ ni wọ́n ń gbìn ín sí, wọ́n ń gbìn ín pẹ́kípẹ́kí, omi tó ń mu kò pọ̀, nítorí náà ewé rẹ̀ kì í tóbi. Kíkéré yẹn ló jẹ́ kí òórùn rẹ̀ ki pọ̀ sójú kan. Wọ́n á já a lẹ́yọ lẹ́yọ, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ sín in sí okùn, wọ́n á sá a sóòrùn. Kò sí ẹ̀rọ kankan tó ń bá wọn ṣe é. Ìdílé tó bá ń ṣe é, ọmọdé àti àgbà ló ń jókòó tì í.

Nígbà tó di bí ọdún 1980 sókè, Balkan Sobranie bọ́ sọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ńlá, ẹnu àwọn tó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ sì gbọ́ ìyàtọ̀. Lẹ́yìn náà kò sí lórí àtẹ mọ́. Lẹ́yìn ọdún 2010 ni ilé iṣẹ́ Germain, tó wà ní erékùṣù Jersey, tún ń ṣe èyí tó ń jẹ́ orúkọ yẹn fún ọjà Amẹ́ríkà. Mo ti mu ún, ó dára, n kò ní parọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ bí ẹ bá bi mí, ewé ìlà oòrùn ló dín kù jù nínú gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá ń ra irú ewé yẹn lónìí, sìgá ló fẹ́ fi ṣe, kò béèrè oko wo ló ti wá, oríṣi òórùn kan péré ló ń wá. Orúkọ abúlé tí àwọn apòtábà máa ń dá ní àtijọ́ ti pòórá mọ́ ọn lára.

Dúdú_Ló_Dùn

Èmi ò gbà o, ẹ̀gbọ́n méjèèjì. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ni mo fi ń sọ ọ́.

Ẹ fẹ́ fi Latakia sílẹ̀, ẹ ò tíì sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Orúkọ èbúté kan ní ilẹ̀ Síríà ni, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kó o wọ ọkọ̀ ojú omi. Wọ́n á kọ́kọ́ sá ewé náà gbẹ, wọ́n á wá so ó rọ̀ sínú àká, wọ́n á dá iná igi sábẹ́ rẹ̀, iná tí kì í jó lala, èéfín ni wọ́n ń wá. Igi òórùn dídùn ni wọ́n ń kó síbẹ̀: ní erékùṣù Kípírù, igi páìnì, sáípírẹ́ẹ̀sì, mítílì, àti igi mastic tí oje rẹ̀ ń ta sánsán. Ewé yóò wà lókè iná náà títí yóò fi dúdú wọnú. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti dúró ti àwọn ìyá tó ń yan ẹja àrọ̀ ní Ẹ̀pẹ́ á mọ ohun tí mò ń wí. Irú igi tí ìyá náà bá kó sábẹ́ àwọ̀n ni ẹja máa gbà sára, bí kò bá dáa, ata ò lè bò ó. Bákan náà ni ewé yìí.

Ti Síríà ti di ọ̀wọ́n tipẹ́tipẹ́. Igbó tí wọ́n ti ń gé igi fún èéfín ń tán lọ, ó sì wà lára ohun tó mú kí iṣẹ́ náà dáwọ́ dúró. Ti Kípírù ló gba ipò rẹ̀. Ti Kípírù wúwo, ó ń rùn awọ tuntun. Ti Síríà ní kíkan bíńtín nínú, òórùn rẹ̀ sì sún mọ́ ti tùràrí. Ẹ wò ó, tó bá jẹ́ pé irú Latakia kan kúrò nílẹ̀ tí òmíràn wọlé, tí àdàlù náà sì yí padà, ta ló wá lọ́ba nínú ìkòkò?

Oníkòkò_Ìlọrin

Dúdú, o ti jà fún ọ̀rẹ́ rẹ dáadáa. Mi ò sọ pé kò ṣe pàtàkì. Mo ní kí a má jẹ́ kó gba gbogbo ìyìn. Fi Early Morning Pipe, tábà Dunhill mìíràn, wé Nightcap: Latakia inú ti àárọ̀ kéré gan-an, síbẹ̀ ẹni tó bá fà á á mọ̀ pé ẹbí kan náà ni wọ́n. Kí ló so wọ́n pọ̀? Virginia àti ewé ìlà oòrùn ni.

ỌmọÌsẹ́yìn

Ẹ kúulé o. Èmi ò mu ìkòkò rí, ọ̀rọ̀ Virginia tí ẹ̀gbọ́n sọ ló fà mí wọlé. Bàbá mi gbin tábà fún ilé iṣẹ́ ní Òkè-Ògùn, inú abà tábà ni wọ́n ṣe tọ́ mi dàgbà. Ewé Virginia náà ni.

Ẹ jẹ́ n sọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí. Láti ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń já ewé lórí igi rẹ̀, ewé méjì mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, èyí tó bá ti ń pọ́n ni wọ́n ń mú. Àwọn ìyá wa á jókòó sábẹ́ igi, wọ́n á fi òwú so ó mọ́ ọ̀pá, ọwọ́ ọ̀tún, ọwọ́ òsì, àwa ọmọdé là ń na ewé sí wọn. Wọ́n á wá kó àwọn ọ̀pá náà sínú abà, wọ́n á tò wọ́n ní ìpele ìpele lọ sókè. Ẹnu iná wà níta. Irin róbótó kan gba ilẹ̀ abà kọjá, ooru ń gba inú rẹ̀ lọ, èéfín sì ń gba ojú ihò lókè jáde. Ooru nìkan ló ń kan ewé.

Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ni, ọ̀sán àti òru, iná ò gbọ́dọ̀ kú. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ jẹ́jẹ́ ni, kí ewé lè kọ́kọ́ pọ́n. Lẹ́yìn náà wọ́n á fi igi kún un, wọ́n á ṣí ojú atẹ́gùn kí omi ara ewé lè jáde. Ní ìgbẹ̀yìn ni ooru máa ń pọ̀ jù, torí egun àárín ewé ló ń pẹ́ kó tó gbẹ. Bí ooru bá yá jù, ewé á gbẹ ní tútù, kò ní pọ́n mọ́. Bó bá pẹ́ jù, á di dúdú. Bàbá mi máa ń dìde lóru lọ fọwọ́ kan ògiri abà níta, á sì mọ̀ ọ́n láti ara ògiri yẹn.

Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyí: bí irin yẹn bá lu, tí èéfín wọlé, ewé ti bàjẹ́. Ẹni tó ń wọn ewé fún ilé iṣẹ́ á gbé e sí imú, á sì yà á sọ́tọ̀. Èéfín tí bàbá mi ń fi gbogbo ayé rẹ̀ sá fún, òun lẹ̀yin ń fowó rà.

Dúdú_Ló_Dùn

Ha! Ọmọ Ìsẹ́yìn, o ṣeun gidigidi. Mo ti ń ka nípa "ewé tí wọ́n fi ooru gbẹ" láti ọjọ́ yìí, ẹnìkan ò ṣàlàyé rẹ̀ báyìí fún mi rí.

Peckham_Nilé

Ẹ kú iṣẹ́, ọmọ Ìsẹ́yìn. Ẹ bá wa kí bàbá.

Ohun tí ẹ sọ yẹn ló dá ṣúgà sílẹ̀ nínú ewé. Nígbà tí ewé ń pọ́n nínú ooru jẹ́jẹ́, ó ṣì wà láàyè, sítáàṣì inú rẹ̀ ń di ṣúgà. Ooru tó tẹ̀lé e ló pa á, tó sì sé ṣúgà náà mọ́ inú rẹ̀. Ewé tí wọ́n bá so síbi atẹ́gùn láìdáná, á pẹ́ kó tó kú, á jẹ ṣúgà rẹ̀ tán. Ìdí rèé tí Virginia fi ń dùn, tí Burley, ewé tí wọ́n ń fi atẹ́gùn gbẹ, kì í sì í dùn.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì dá ilé iṣẹ́ sìgá sílẹ̀ ní Òṣogbo lọ́dún 1933, ti Ìbàdàn tẹ̀lé e ní 1937. Ìdí tí ewé yẹn fi dé Òkè-Ògùn nìyẹn. Tábà fúnra rẹ̀ ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dọ̀ wa, àwọn Potogí ti ń kó èyí tí wọ́n wé ní okùn, tí wọ́n fi oje ìrèké pa lára, láti Bahia ní Brazil wá sí etíkun wa nígbà òwò ẹrú.

ỌmọÌsẹ́yìn

Ẹ sọ pé igbó tán ní Síríà. Ó bá mi nínú jẹ́, torí ohun tí ojú tiwa náà rí nìyẹn. Igi tí abà kan ń jẹ lọ́sẹ̀ kan pọ̀. Igi áyìn tó wà lẹ́yìn ilé wa nígbà èwe mi, mi ò bá kankan níbẹ̀ mọ́. Wọ́n ní ká máa gbin mẹláínà, a gbìn ín, ṣùgbọ́n mẹláínà kì í ṣe áyìn.

Nọ́ọ̀sì_Àbẹ̀kẹ́

Ẹ kú ìjíròrò. Inú mi dùn sí ìmọ̀ tó wà níbí, mo sì fẹ́ bẹ̀ yín kí ẹ gba ọ̀rọ̀ mi. Ẹni tó ń mu ìkòkò lè má gbé èéfín mì, síbẹ̀ èéfín náà ń fa jẹjẹrẹ ètè, ti ahọ́n, ti ọ̀fun àti ti ẹ̀dọ̀fóró. Kò sí tábà tí kò léwu, ì báà jẹ́ èyí tí wọn ò da ohunkóhun sí. Bí ẹ bá rí egbò lẹ́nu tí kò jinná lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ tọ dókítà eyín lọ kíákíá. Kí ẹ sì jọ̀wọ́, ẹ má mu ún nínú yàrá tí ọmọdé wà.

Bàbá_Ṣakí

A dúpẹ́, ìyá. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ìta gbangba lèmi ti ń mu tèmi, ìkòkò kan lálẹ́, kì í sì í ṣe ojoojúmọ́. N kò lè sọ fún ẹni tí kò bẹ̀rẹ̀ pé kó bẹ̀rẹ̀.

Ẹni_Tuntun_Abúlé-Ọjà

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀wọ́. Mo ti lé lógójì ọdún, sìgá ni mo ń mu tẹ́lẹ̀, mo ti fi í sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kan láti òkè òkun fún mi ní ìkòkò igi kan àti agolo Squadron Leader. Òórùn agolo náà dára ju ohun tí mo rò lọ, àmọ́ bí mo bá mu ún, ahọ́n mi á máa ta mí, ìkòkò náà á sì gbóná débi pé mi ò lè dì í mú. Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe ni?

Bàbá_Ṣakí

Ọmọ mi, bí wọ́n ṣe ń ṣe kọ́. Ohun méjì ni: tábà rẹ tutù jù, o sì ń fà á ní ìfà sìgá.

Kọ́kọ́ gbé iye tó máa kún ìkòkò jáde, tú u ká sórí ìwé. Ilé iṣẹ́ Gawith ló ń ṣe Squadron Leader, tábà inú agolo wọn sì máa ń tutù púpọ̀. Bó bá tutù, omi inú rẹ̀ á di ooru omi gbígbóná, ooru omi yẹn ló ń jó ahọ́n, kì í ṣe iná. Nígbà òjò ó lè tó wákàtí kan kó tó dára. Nígbà ọyẹ́, ìṣẹ́jú díẹ̀ tó o, bí o bá gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, á di ìyẹ̀fun. Fún un láàárín ìka. Bó bá lẹ̀ mọ́ra wọn, kò tíì tó. Bó bá rọra tú padà, tí kò sì dún wàràwàrà, kó o sínú ìkòkò.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni kí o kó o. Jẹ́ kí àkọ́kọ́ ṣubú sínú fúnra rẹ̀, má tẹ̀ ẹ́. Èkejì, tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí ó le díẹ̀ sí i. Fà á kí o tó ṣáná: atẹ́gùn gbọ́dọ̀ kọjá láìsí wàhálà. Tan án yíká, ojú rẹ̀ á wú sókè, jẹ́ kó kú, fi ohun ìtẹ̀ rọra tẹ eérú náà sílẹ̀, kí o tún un tàn. Iná kejì yẹn ni ti mímu.

Lẹ́yìn náà, fara balẹ̀. Fà á débi tí kò fi ní kú, kò jù bẹ́ẹ̀. Gbé e kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ, bó bá gbóná jù fún ẹ̀rẹ̀kẹ́, gbé e kalẹ̀. Bó kú, kò sí ìtìjú níbẹ̀, tún un tàn. Bí o bá sì mu ún tán, fi ohun ìnu fọ ọ̀nà rẹ̀ mọ́, kí ìkòkò náà sinmi títí di ọjọ́ kejì.

Ìyá bàbá mi fi ìkòkò amọ̀ mu tábà títí ó fi dàgbà gan-an, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe ń mu ún, díẹ̀díẹ̀, ó ń bá àwọn ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ láàárín. Àwọn tó walẹ̀ ní Ọ̀yọ́-Ilé náà rí àfọ́kù ìkòkò tábà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìkòkò ò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilẹ̀ wa.

Oníkòkò_Ìlọrin

Bàbá, ẹ ṣé. Mo fi kan kún un fún ẹni wa tuntun: ya ìkòkò yẹn sọ́tọ̀ fún tábà onílatakia nìkan. Igi briar tí wọ́n fi ń gbẹ́ ìkòkò máa ń gba òórùn Latakia sínú, bí o bá bu Virginia lásán sí i lẹ́yìn náà, Latakia náà ni o máa gbọ́. Bí owó ò bá tó fún igi kejì, ìkòkò tí wọ́n fi kùùkù àgbàdo ṣe ní Missouri kò wọ́n, ó sì ń mu dáadáa.

Dúdú_Ló_Dùn

Ẹ gbà mí láyè kí n tún sọ nípa ìdí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi di ọ̀gá nínú iṣẹ́ yìí. Fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, òfin ilẹ̀ wọn kò jẹ́ kí ilé iṣẹ́ da ohun dídùn sínú tábà bó ṣe wù wọ́n, ti àwọn ará Amẹ́ríkà àti Dẹ́ńmáàkì kò rí bẹ́ẹ̀. Kí ni apòtábà máa wá ṣe? Ewé ló kù fún un. Ó gbọ́dọ̀ wá ewé tó dùn, ewé tó ń ta sánsán, ewé tó léèéfín nínú, kó sì mọ bí yóò ṣe tẹ̀ wọ́n pọ̀, kó fi ooru sè wọ́n, kó fi wọ́n pamọ́ di ìgbà tí wọ́n bá mọ ara wọn. Mi ò rí iṣẹ́ ọwọ́ tó wù mí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Peckham_Nilé

Òdodo ni, àfi ti Kendal, ìlú kan ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ tábà tó padà di ti àwọn Gawith ti wà níbẹ̀ láti 1792, oríṣi kan nínú tábà ìlú náà sì ń rùn òdòdó àti ọṣẹ, ọ̀ràn òórùn ni, kì í ṣe ti dídùn. Àwọn kan ò lè fara dà á. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú.

Kí ẹ sì má rò pé gbogbo bàbá olóyìnbó ló ń mu Latakia o. Virginia tí wọ́n tẹ̀ pẹlẹbẹ ni púpọ̀ nínú wọn ń mu. Àwọn ilé ìtajà Lọ́ńdọ̀nù ló gbé àdàlù onílatakia ga, àwọn ará Amẹ́ríkà ló sì fẹ́ràn rẹ̀ jù títí di òní. Wọ́n ní Stanley Baldwin, tó ṣe olórí ìjọba nígbà mẹ́ta láàárín 1923 sí 1937, kì í sábà sí láìní ìkòkò lẹ́nu, Presbyterian Mixture ni wọ́n mọ̀ mọ́ ọn. Latakia inú ìyẹn kéré, ó rọ̀ lẹ́nu.

ỌmọÌsẹ́yìn

Ìbéèrè kan. Bí mo bá rí ewé Virginia lọ́wọ́ àwọn ará wa, tí ẹnìkan yín sì rí Latakia àti ewé ìlà oòrùn, ṣé a ò lè po ti wa?

Peckham_Nilé

Ó ṣeé ṣe, ọpọlọ yín sì pé. Àwọn ilé ìtajà kan ń ta Latakia lásán àti ewé ìlà oòrùn lásán, kí ẹni tó bá fẹ́ lè po tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta ni kí ẹ rò. Ewé tí ẹ gbìn fún sìgá fẹ́ẹ́rẹ́, ewé ìsàlẹ̀ igi pàápàá. Ewé àárín sókè, tó nípọn tó sì pọ́n rúsúrúsú, ló dára fún ìkòkò. Èkejì, ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú abà ń ta ahọ́n, ó gbọ́dọ̀ pẹ́ nílẹ̀, ọdún kan tàbí méjì, kó tó gbó. Ẹ̀kẹta, bí ẹ bá po ó tán, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ohun tó wúwo fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí òórùn wọn lè wọnú ara wọn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Virginia ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá, ewé ìlà oòrùn ìdá mẹ́ta, Latakia ìdá mẹ́ta, kí ẹ wá máa yí i láti ibẹ̀. Ewé tó jẹ́ ti ilé iṣẹ́ lábẹ́ àdéhùn, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ti ara yín ni kí ẹ lò.

Dúdú_Ló_Dùn

Ìdá mẹ́ta ti kéré jù. Ìdá mẹ́rin.

Oníkòkò_Ìlọrin

Mo ti mọ̀ pé ó máa wí bẹ́ẹ̀. Ọmọ Ìsẹ́yìn, bí ewé bá wà, èmi máa wá Latakia. Ká jọ ṣe é, ká ṣe méjì: ti ìdá mẹ́ta àti ti Dúdú. Orí abọ́ funfun la ti máa fi wọ́n wéra.

Ẹni_Tuntun_Abúlé-Ọjà

Ẹ̀yin ará, mo ṣe bí Bàbá Ṣakí ṣe wí lálẹ́ àná. Mo tú tábà náà sórí ìwé títí tí kò fi lẹ̀ mọ́, mo kó o ní ẹ̀ẹ̀mẹta, mo fà á jẹ́jẹ́. Ahọ́n ò ta mí. Nígbà tó dé ìlàjì, mo gbọ́ adùn kan tí mi ò gbọ́ tẹ́lẹ̀. Ṣé Virginia tí ẹ̀gbọ́n Ìlọrin ń sọ nìyẹn? Kí sì ni kí n rà tẹ̀lé e?

Oníkòkò_Ìlọrin

Òun gan-an ni, àbúrò. Ra Early Morning Pipe. Dunhill ò ṣe tábà ìkòkò mọ́ láti 2018, abẹ́ orúkọ Peterson ni wọ́n ti ń tà á báyìí, ohun kan náà ni kí o béèrè. Mu ún láàárọ̀ kí o tó jẹ ohun oníata, kí o fi ọjọ́ kan sí àárín, lẹ́yìn náà padà sórí Squadron Leader. Kó ohun tó bá ṣẹ́kù nínú agolo tó o ti ṣí sínú ìgò onídérí tó dé pa, má gbé e síbi oòrùn, kí o sì yẹ̀ ẹ́ wò nígbà òjò kó má bàa bu. Kọ ohun tí o gbọ́ nínú méjèèjì síbí fún wa.